Ẹja Tí Kò Tíì Tó Pa: Ta Ló Yẹ Kí Òfin Mú?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní Tanzania já wọ ilé oúnjẹ tó wà nínú ọgbà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Dodoma. Wọn ò wá jẹun. Rúlà ni wọ́n mú dání. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹja tí wọ́n ti sè wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kò gùn tó bí òfin ṣe fẹ́, ni wọ́n bá bu owó ìtanràn lé àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Inú bí àwọn aṣòfin gan-an. Job Ndugai, tó jẹ́ olórí ilé nígbà náà, kò fi ìbínú tirẹ̀ pa mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti dín ẹja rí mọ̀ pé èyí tó ti wọ epo gbígbóná kì í gùn mọ́ bó ṣe gùn kó tó wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹjọ́ ọ̀hún ì bá dùn ún gbọ́ ká ní ó dé kóòtù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìròyìn yẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ le. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń pẹja láyé ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó bá pa ẹja tí kò tíì tó pa. Àwọn kan ní kí wọ́n bá a wí kó máa lọ. Àwọn kan ní kí wọ́n gba àwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sun ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti wo ohun tí ìjọba oríṣiríṣi ti ṣe àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ni pé ẹni tí ìyà ń bà ló ń ba òfin yìí jẹ́ ju bí ìyà ṣe le tàbí bó ṣe rọ̀ lọ.

Ká kọ́kọ́ wo ẹja fúnra rẹ̀. Rainer Froese, onímọ̀ ẹja ní Jámánì, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan lọ́dún 2004 tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ jẹ́ kí ẹja yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán kí ẹ tó pa á, ẹ jẹ́ kó dàgbà dé ibi tí pípa rẹ̀ ti lérè, kí ẹ sì fi àwọn abo ńlá sílẹ̀. Irú èrò àkọ́kọ́ yẹn ló wà nídìí ọ̀pọ̀ òfin rúlà tó wà láyé. Ti ìkẹta ni àwọn èèyàn kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2018, Diego Barneche àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí abo ẹja ṣe ń tóbi sí i, ẹyin rẹ̀ ń pọ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe ń wúwo lọ. Abo ẹja kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó wọn kílò 30 ń yé ẹyin ju abo 28 tó wọn kílò méjì-méjì lọ, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá kó àwọn 28 náà sórí òṣùwọ̀n, kílò 56 ni wọ́n. Ẹni tó pa ìyá ńlá yẹn kò rú òfin kankan ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Wọ́n á tiẹ̀ ya fọ́tò òun àti ẹja náà.

Àwọn onímọ̀ mìíràn sì wà tí wọ́n ní òfin rúlà gan-an ló ń dá kún wàhálà. Lọ́dún 2002, David Conover àti Stephan Munch gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹja kékeré kan tó wà létí òkun Amẹ́ríkà. Wọ́n pín wọn sí agbo: nínú agbo kan, àwọn tó tóbi jù ni wọ́n ń kó, nínú òmíràn, àwọn tó kéré jù. Ìran mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tó wá láti agbo tí wọ́n ti ń kó ńlá ti kéré sí àwọn ìyókù kedere. Ìyẹn ni pé bí òfin bá ní kìkì ẹja ńlá ni kí á máa pa, àwọn tó tètè gbó ní kékeré ló máa ṣẹ́kù láti bímọ. Ní 2012, Serge Garcia àti àwọn mìíràn gbé àríyànjiyàn yìí lọ sínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n ní ó sàn kí á máa fi ìwọ̀nba mú láti ara ẹja kékeré, ẹja alábọ́ọ́dé àti ẹja ńlá, bí omi bá ṣe ń bí wọn sí. Jeppe Kolding ti yunifásítì Bergen, tó ti pẹ́ lórí àwọn adágún ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára wọn. Lójú tirẹ̀, ọ̀pọ̀ apẹja tí òfin ń pè ní ọ̀daràn lórí àwọn adágún náà, tí àwọ̀n wọn jẹ́ oríṣiríṣi ojú, ń ṣe ohun tó bá ìṣẹ̀dá omi mu ju èyí tí ìwé òfin ń béèrè lọ.

Mi ò rò pé èyí dá oníṣẹ́ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ láre. Ìwọ̀nba ni Garcia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ, kò sì sí ẹni tó ń fi ìwọ̀nba ṣe nǹkan kan lórí ọ̀sà Èkó lónìí. Ohun tí ìwádìí wọn ṣe ni pé ó dín ìgbéraga àwọn tó fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan sọ èèyàn di ọ̀daràn kù.

Ẹ̀pìyà tiwa, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, fi ọ̀rọ̀ náà hàn dáadáa. Akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi yọ. Kì í jẹun bó ṣe yẹ ní gbogbo àkókò náà, tí àwọ̀n bá sì gbé e, bàbá àti ọmọ ló lọ pọ̀. Nǹkan mìíràn tún ni pé bí ìpẹja bá pọ̀ lórí ẹ̀pìyà tàbí tí àyè há mọ́ ọn, kì í dúró dìgbà tó bá tóbi kó tó bímọ. Á gbó ní kékeré. Ẹja tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lè ti máa tọ́ ọmọ lẹ́nu. Rúlà á ní ọmọdé ni.

Ti ṣáwá tún yàtọ̀, nítorí àgbà rẹ̀ náà kò tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà: ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará Uganda ń pè ní mukene, tí àwọn ará Kenya ń pè ní omena. Bó ti wù kó gbó tó, kò lè di ńlá, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni òfin sì gbà kí wọ́n fi pa á láàárín omi. Bí wọ́n bá gbé àwọ̀n kan náà wá sí etídò, ọmọ ẹja ńlá ló máa kó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ orúkọ ẹja, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti pa á, tó kàn mú rúlà lọ́wọ́, kò lè dájọ́.

Ní Nàìjíríà, òfin ìpẹja ojú òkun ti ọdún 1992 ló wà nílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi, àwọn tí a ń pè ní tírọ́là. Ìlànà tó wà fún wọn ni pé ojú àwọ̀n tí wọ́n fi ń pa ẹja kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 76, èyí tí wọ́n fi ń pa edé kò sì gbọdọ̀ kéré sí 44. Wọn ò gbọdọ̀ wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì ojú òkun márùn-ún sí èbúté. Inú omi tí kò jìn yẹn ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ti ń rí jẹ.

Wíwọn ojú àwọ̀n kò le. Wọ́n á na ojú kan ṣoṣo títí á fi le, láti kókó kan dé kókó tó dojú kọ ọ́, wọ́n á wá wo iye tó jẹ́. Ibi tí ọgbọ́n àrékérekè wà ni ìdí àwọ̀n, níbi tó ti dà bí àpò tí ẹja ń kó jọ sí. Tírọ́là tó bá fẹ́ yí òfin po á ran àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ mọ́ inú àpò náà. Òṣìṣẹ́ á wọn tòde, á pé 76, á sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹja tó wà nínú ti gbá jọ sójú àwọ̀n tí abẹ́rẹ́ lásán kò ní rọ́nà gbà. Àwọn apẹja etí òkun wa, ní Ìlàjẹ àti ní Badagry, ti pẹ́ lórí ẹ̀sùn pé àwọn tírọ́là ń sún wọ inú máìlì márùn-ún lóru, pé wọ́n ń fa àwọ̀n àwọn ya, pé wọ́n ń da ẹja wẹ́wẹ́ tí wọn ò fẹ́ padà sómi lókùú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú sí ọmọkùnrin tó ń ju àwọ̀n lẹ́yìn ilé wọn ní Màkókò yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èló ni ọmọ náà lè kó kí ilẹ̀ tó ṣú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Omi inú ilẹ̀, ìyẹn odò, adágún àti ọ̀sà, wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, òfin wọn kò sì dọ́gba. Ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀ lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ ẹja sì wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ tó dojú kọ kì í ṣe kékeré. Nínú ìṣirò tí ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń kà, ẹja tí a nílò lọ́dún lé ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, èyí tí à ń pa tí a sì ń sìn kò sì ju bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Nígbà tí àlàfo bá tó báyìí, ẹja kan kò ní kéré jù fún ọbẹ̀.

Kainji ni ibi tí a ti gbìyànjú òfin yìí dáadáa jù nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dí omi Odò Ọya ní 1968, ẹja pọ̀ ní adágún tuntun náà títí èèyàn fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Láti 1993 títí di 2001, àwọn ará Jámánì àti àjọ tó ń ṣèwádìí ẹja inú odò ní New Bussa jọ ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbógun tì jù ni àwọ̀n gígùn olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tẹ́ yí omi ká, tí ọ̀pọ̀ èèyàn á wá fà á wá sí etídò pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ṣe òfin, wọ́n sì tún lọ bá àwọn Ẹ́míà ti Bọ̀rgú àti Yàwúrí, wọ́n lọ bá àwọn olórí apẹja létí omi, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀. Fún ọdún mélòó kan, àwọ̀n yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, tí owó epo ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ omi tán, ó tún ń yọ́ padà wá. Ìyà tó wà nínú ìwé òfin kò yí padà o. Ẹni tó máa mú un ṣẹ ni kò sí mọ́.

Uganda gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2017, Ààrẹ Museveni kó àwọn ṣọ́jà dà sórí adágún Victoria. Ẹja tó ń mówó wọlé jù níbẹ̀ ni ẹja ńlá tí àwọn Haúsá tiwa ń pè ní giwan ruwa, erin inú omi. Odò Ọya wa níhìn-ín ni ọ̀kan lára ibi tí irú ẹja yẹn ti wà látilẹ̀wá; láyé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n gbé e sínú adágún Victoria, ó sì jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké tó bá níbẹ̀ run. Òfin ní kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 50 kí wọ́n tó pa á. Àwọn ṣọ́jà gba àwọ̀n, wọ́n sun ún. Ọkọ̀ tí kò bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, wọ́n sun òun náà. Ẹja pọ̀ díẹ̀ sí i lóòótọ́, àwọn iléeṣẹ́ aṣẹja-ránṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé sì tún ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní kò ṣiṣẹ́ rárá ń parọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló san owó rẹ̀? Àwọn ará etí adágún sọ nípa lílù, nípa àwọn tó kú, nípa ọkọ̀ tó jẹ́ gbogbo ohun tí ìdílé kan ní tó jóná lójú wọn. Àwọn aṣòfin láti àgbègbè náà gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ léraléra. Ọlọ́kọ̀ kékeré kò lè ra ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 28. Olówó ló lè rà á. Nítorí náà, ẹja tó pọ̀ sí i yẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀, àwọn yòókù sì di alágbàṣe lórí omi baba wọn. Nígbà tí mo ń wo àwòrán àwọn ọkọ̀ tó ń jóná, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ọkọ̀ iléeṣẹ́ aṣẹja-ránṣẹ́ kan lára wọn.

Ó dùn mọ́ mi láti rí i pé Amẹ́ríkà, tó ní kóòtù àti òṣìṣẹ́ tó pọ̀, náà ti ṣi ìyà lò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2007, òṣìṣẹ́ kan gun orí ọkọ̀ ìpẹja Miss Katie ní Gulf of Mexico, nítòsí Florida. Red grouper ni ẹja tó wà lórí ọkọ̀. Òfin ìgbà náà ní kò gbọdọ̀ kéré sí ínǹṣì 20. Òṣìṣẹ́ náà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí 72 tí kò tó. Púpọ̀ wọn wà láàárín 19 sí 20. Kò sí èyí tó kéré sí 18.75. Ó kó wọn sínú àpótí lọ́tọ̀, ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀, John Yates, kó wọn wá sébùúté. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, 69 ni wọ́n bá, ìwọ̀n wọn kò sì bá ti ìṣáájú mu. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́wọ́ pé ọ̀gá ló ní kí àwọn da ti àkọ́kọ́ sómi, kí àwọn fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ̀ṣẹ̀ ẹja kékeré fúnra rẹ̀ kò ju owó ìtanràn tàbí kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fa òfin Sarbanes-Oxley ti 2002 yọ, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn jìbìtì iléeṣẹ́ Enron láti fi mú àwọn tó ń ba ìwé ìṣirò owó jẹ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ogún ọdún. Wọ́n ní ẹja náà jẹ́ ẹ̀rí tí Yates bà jẹ́. Ní 2011 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin dá a sílẹ̀. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg sọ pé ohun tí òfin náà ní lọ́kàn ni ohun tí èèyàn ń kọ ìsọfúnni sí tàbí tó ń tọ́jú ìsọfúnni sí, ẹja kò sì sí lára wọn. Adájọ́ Elena Kagan kò gbà; ó ní ẹja ṣeé dì mú, ohun tó ṣeé dì mú sì ni òfin kọ. Síbẹ̀ òun náà sọ ọ́ jáde pé òfin yẹn fẹ̀ jù, ìyà rẹ̀ sì le jù. Kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan Yates pàápàá, ìjọba ti sọ ìwọ̀n ẹja náà kalẹ̀ sí ínǹṣì 18. Gbogbo ẹja 72 yẹn ni ì bá ti bófin mu.

Tí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà, èèyàn á rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún. Òfin Gánà le fún àwọn tírọ́là: ìtanràn ẹni tó pa ọmọ ẹja lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, wọ́n mú tírọ́là Lu Rong Yuan Yu 956 pẹ̀lú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ àti ẹja tí kò tó pa. Wọ́n bu mílíọ̀nù dọ́là lé e. Àwọn tó ni ín kò san. Wọ́n tún fún un ní ìwé àṣẹ, ó padà sójú òkun, ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 wọ́n sì tún mú un lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Mílíọ̀nù kan dọ́là wà nínú ìwé òfin. Kò sí ní àpò ìjọba, kò sì ba ọ̀gá ọkọ̀ náà lẹ́rù rárá. Gary Becker, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1968 pé ohun tí arúfin ń gbé lé òṣùwọ̀n ni bí ìyà ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe dájú tó pé ọwọ́ máa tẹ òun. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti lè tẹ èèyàn, ẹ kọ mílíọ̀nù tàbí bílíọ̀nù, ọ̀kan náà ni.

Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, lọ wo àwọn àwùjọ tó ti ń pín omi, igbó àti pápá lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìbà á jẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1990, ó kọ ọ́ pé ìyà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, á máa le sí i bí èèyàn bá ń tún un ṣe, àwọn tí wọ́n jọ ń lo omi náà ló sì sábà máa ń ṣọ́ ọ. Àwọn apẹja lọ́bísítà ní Maine, ní Amẹ́ríkà, mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá wá dẹ pàkúté sínú omi tí kì í ṣe tirẹ̀ á kọ́kọ́ bá kókó tí wọ́n so mọ́ okùn rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni. Tí kò bá gbọ́, wọ́n á gé okùn náà. Àwọn náà ló ń gé àmì sí ìrù abo tó bá gbé ẹyin kí wọ́n tó dá a padà sómi, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ tà á níwọ̀n ìgbà tí àmì náà bá ṣì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ẹyin lọ́jọ́ tí wọ́n tún mú un. Wọ́n ń dá èyí tó kéré jù padà, wọ́n ń dá èyí tó tóbi jù náà padà. Kò sí ṣọ́jà kankan níbẹ̀.

Àwa náà kò ṣàìmọ irú èyí. Nínú igbó Òṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja odò náà, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ ní 2005. Ní Argungu, ní Kebbi, wọ́n máa ń ti odò pa fún ìpẹja títí di ọjọ́ àjọ̀dún, igbá àti àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ wọn. Mi ò sọ pé kí á fi èèwọ̀ ṣọ́ gbogbo ọ̀sà. Ẹni tó wá láti ìlú mìíràn kò bẹ̀rù òrìṣà wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí àwọn apẹja bá gbà pé tiwọn ni, kò nílò ọlọ́pàá púpọ̀.

Ẹ wá wo ọjà ẹja èyíkéyìí lágbègbè ọ̀sà, bí Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àṣẹ́jẹ́rẹ́ ní Màkókò. Àrọ̀ ńlá àti ọ̀bọ̀kún wà nínú báàfù níwájú, wọ́n ń na wọ́n jáde fún ẹni tó bá ní owó. Lẹ́yìn, lórí àtẹ, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti yan wà níbẹ̀, kọ́ǹgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyá tó ń tà á kọ́ ló pa á. Ẹni tó pa á náà lè má ni ọkọ̀, ó lè má ni àwọ̀n. Ọ̀gá kan wà tó ni méjèèjì, tó ń jókòó sílé, tó ń gba ìpín tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà tó ń ra kọ́ǹgò kan kò béèrè ọjọ́ orí ẹja. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó dìde lórí ọkọ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń rí mú.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin, apẹja kékeré tí wọ́n mú lẹ́ẹ̀kíní kò ní rí ẹ̀wọ̀n rárá. Kí wọ́n gba àwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà àtira èyí tó bófin mu ní owó pọ́ọ́kú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ lásán, ọ̀la ló máa lọ yá òmíràn, á sì kéré lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá tún ṣe é, kó san owó tó máa dùn ún ṣùgbọ́n tó lè san, níwájú àwọn olórí apẹja ìlú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú un, dípò ẹjọ́ tó ń sún fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ àti àwọ̀n bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn ni kí ẹjọ́ dé ilé rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwọn kan á ní ìrọ̀rùn yìí máa jẹ́ kí wọ́n ya aláìgbọràn. Wọ́n á rán mi létí pé àìtètè mólè, olè ń mólóko. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó yá, kó sì dájú. Kékeré tó dájú ni Kainji ní fún ọdún mélòó kan, ohun náà ni Gánà kò ní pẹ̀lú gbogbo mílíọ̀nù rẹ̀.

Ẹni tó ń da gámálín sómi kò sí nínú àánú yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ju bọ́ǹbù. Oògùn kòkòrò kòkó ni gámálín. Ó ń pa ẹyin, ọmọ, ìyá àti edé ní ìṣẹ́jú kan náà, àwọn èèyàn á wá gbé ẹja náà lọ sílé lọ jẹ. Ẹ̀wọ̀n ni ti ìyẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ìgbà kejì tó yẹ kí á dúró dè.

Fún tírọ́là, kí wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró sí èbúté, kí wọ́n má sì tú u sílẹ̀ títí owó á fi wọlé. Ojoojúmọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró, owó ńlá ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kò ní pẹ́ kó tó san. Gánà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019, kì bá tún bá ọkọ̀ kan náà pàdé ní 2020.

Ibì kan tún wà tí a kì í wò. Àwọ̀n rọ́bà olójú wẹ́wẹ́ tó kún ọ̀sà wa, kò sí apẹja Ìlàjẹ tàbí Ègùn tó hun ún. Inú kọ̀ǹtéénà ló ń gbà dé. Lẹ́bàá Kòtònú, lórí omi Nokoué, ìjọba Benin ti fòfin de irú àwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní médokpokonou. Wọ́n ń kó o, ó ń padà. Kò sì lè ṣàìpadà, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lò ó ni wọ́n ti ń kó o, ẹni tó ń tà á ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó yí adágún Victoria ká ti gbà láti fòfin de àwọ̀n rọ́bà olókùn ẹyọ kan, òfin yẹn sì nílò ẹni tó máa dúró níbi tí ọjà ti ń wọlé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń tú ẹrù wò ní Apápá ti ń wá ọ̀pọ̀ nǹkan nínú kọ̀ǹtéénà. Kí wọ́n fi àwọ̀n kún un: kí wọ́n na ojú kan wò, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kó o wọlé sílẹ̀, kí ẹjọ́ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.